Ìpín Táyé

Nígbà tí gbogbo Ìdèrè ń kírun Jímọ̀, Búrẹ́mọ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé Màmá Aliyyah, ó ń ṣí ọmọrí ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Oòrùn wà ní àtàrí. Ó ti gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí abẹ́ igi kaṣú lókèèrè, ó fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Àgbo wà lábẹ́ àtíbàbà, iná ìdí rẹ̀ ti kú ku ẹyín. Ó tú bébà kékeré kan tó ká sínú àpò, ó gbọn ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú ìkòkò, ó ṣẹ́ igi tín-ín-rín kan lára ọgbà, ó sì fi ro àgbo náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyẹ̀fun náà wọlẹ̀ lọ. Kò hó, kò rùn, kò yí àwọ̀ padà. Búrẹ́mọ̀ ju igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó dá ọmọrí padà bó ṣe bá a. Alángbá kan wà lórí ògiri tó ń mirí sí i. Ó bú u ní èébú kan tí n kò lè tún sọ níbí, ó sì bá ọ̀nà ẹ̀yìn lọ.

Bó ti ń gun ọ̀kadà padà sí Ìgbó-Ọrà, ó ń ka àwọn obìnrin tó máa ń wá mu àgbo níbẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé. Méje ni, ìgbà mìíràn mẹ́sàn-án. Ó rò pé ẹni méjì á bá a lọ. Ẹyọ kan gan-an á tó. Kò bá ìkankan nínú wọn jà, kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn. Òkú ló ń wá, òkú tí wọ́n máa gbé jáde lẹ́nu ọ̀nà Màmá Aliyyah, kí ìlú lè fi òkò lé obìnrin náà dànù.

*

Oníṣègùn ni Búrẹ́mọ̀, bàbá rẹ̀ náà ṣe é. Kò sí èèpo igi tí ẹ máa gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní dárúkọ, yálà ẹ gé e nínú ọ̀dàn tiwa yìí, tàbí ẹ rù ú wá láti igbó dúdú ìhà Oǹdó. Ọwọ́ rẹ̀ dá lórí ibà, ó dá lórí jẹ̀díjẹ̀dí. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni kó gbà pé ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n ṣe.

Ayọ̀délé kápẹ́ńtà ló dá wàhálà sílẹ̀. Oṣù méje ni Ayọ̀délé fi sùn sílé Búrẹ́mọ̀ tí ẹsẹ̀ kò gbé e. Búrẹ́mọ̀ ní ayé ló ń bá a jà, pé kò ní fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ mọ́. Ni wọ́n bá gbé e lọ sí Ìdèrè. Màmá Aliyyah kò bá a sọ̀rọ̀ ayé. Ó béèrè bó ṣe ń sùn, ohun tó ń jẹ, àti ẹni tó ń bínú sí. Ó ń fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀, ó sì ní kó máa gún oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú odó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Ayọ̀délé ń rìn. Láti ìgbà náà, kò sí Jímọ̀ kan tí kì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Búrẹ́mọ̀ kọjá. Á dúró, á fi orúkọ ọmọ rẹ̀ kí i, á ní, "Bàbá Hàkímù, ẹ ǹlẹ́ o," á sì rọra máa lọ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè fara da irú ìkíni bẹ́ẹ̀?

Búrẹ́mọ̀ kọ́kọ́ lo ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ri nǹkan mọ́ oríta tí Màmá Aliyyah ń gbà lọ sí oko. Ní ọjọ́ kẹta, ó bá nǹkan náà lórí àtẹ ara rẹ̀. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n sì ká a sínú aṣọ funfun. Ó tún rán èkejì, èyí tó máa ń fúnra rẹ̀ rìn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo gbẹ́rẹ́ ara rẹ̀ fi ń yún un, tí ajá àdúgbò ń dúró síwájú fèrèsé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n ń gbó o. Ẹ̀rù bà á. Ibẹ̀ ló ti pinnu pé ohun tí ẹnu ń gbé mì nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ obìnrin yìí.

Ẹ má rò pé kò lẹ́ni tó fẹ́ràn. Ìbejì ni. Òun ni Táyé. Àdúràọlá ni Kẹ́hìndé, òun sì ni ẹ̀gbọ́n, torí òun ló rán Táyé ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò. Ilé ọkọ rẹ̀ wà ní Èrúwà, Tàófíìk tíṣà ló fẹ́. Ọdún mọ́kànlá, kò tíì bímọ, gbogbo àgbo tí Búrẹ́mọ̀ mọ̀ ló sì ti mu. Bí Àdúràọlá bá fọ́rí, Búrẹ́mọ̀ kì í jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Àdúràọlá dárúkọ Ìdèrè fún un, ó búra fún un pé tó bá fẹsẹ̀ kan ilé Màmá Aliyyah, kò ní rí ojú òun mọ́ láyé. Àdúràọlá kò sì dárúkọ Ìdèrè mọ́.

*

Òkè ló fún un ní ìyẹ̀fun náà. Bàbá arúgbó ni Òkè, òun ló ń gé èèpo igi fún àwọn oníṣègùn. Abúlé kan létí odò Ọ̀fìkì ló ń gbé, níbi tí igbó ṣì ṣú. Kó tó gé igi, á kí i, á sì sọ fún un ìdí tí òun fi wá. Igi tó mú Búrẹ́mọ̀ dé ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò kí i. Kò dárúkọ rẹ̀, èmi náà ò ní dárúkọ rẹ̀.

"Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni mo ti gé èyí," Òkè wí, ó na bébà kan sí i. "Ẹni tó bá mu ún, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ wúwo. Ọwọ́ rẹ̀ á tutù. Tí oòrùn bá wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì lórí ẹ̀, ó parí." Ó tún na ìgò kékeré kan. "Egbò igi yẹn kan náà ni èyí. Ẹ̀rọ̀ ni. N kì í fún èèyàn ní ọ̀kan kí n má fún un ní èkejì, nítorí àṣìṣe."

"Ó dáa, bàbá."

"Kò tíì dáa. Gbọ́ mi. Ẹ̀rọ̀ yìí, ìjà nìkan ló mọ̀. Tó bá bá májèlé nínú èèyàn, á bá a jà, á lé e jáde. Tí kò bá rí nǹkan bá jà, ẹni yẹn fúnra ẹ̀ ló máa bá jà. Kì í sì í pẹ́."

Búrẹ́mọ̀ rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ fún ní ẹ̀rọ̀? Ó fi ìgò náà há àjà ilé, kò sì rò ó mọ́.

*

Nígbà tí Màmá Aliyyah dé láti mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, kò tíì bọ́ ìbòrí rẹ̀ tó fi lọ wo ìkòkò.

Àgbo tirẹ̀ kì í jẹ́ rírò. Ó máa ń to egbò sísàlẹ̀, á to èèpo lé e, á kó ewé lé gbogbo rẹ̀ lórí, á sì fi sílẹ̀ kí omi fúnra rẹ̀ máa gùn ún bọ̀ wá sókè díẹ̀díẹ̀. Òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìbàràpá. Àwọn oníṣègùn yòókù ń ro tiwọn, ó sì ti mọ́ wọn lọ́wọ́ débi pé ẹni tó bá ṣí ìkòkò á ti máa wá igi.

Ó ṣí ọmọrí. Ewé ti lọ sísàlẹ̀. Èèpo igi wà lókè.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, igi tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ kan ṣì tutù. Alángbá kan na gbalaja tì í, ó dojú ikùn sókè.

Màmá Aliyyah mọ ọwọ́ tó ṣe é, ọwọ́ tó ti rán nǹkan sí i lẹ́ẹ̀mejì. Aliyyah ọmọ rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi dá a lóhùn.

"Nínú àwọn tó ń bọ̀ lọ́la, àbí ọ̀kan wà tó jẹ́ ìbejì?"

*

Sátidé kọjá, Búrẹ́mọ̀ kò gbọ́ ariwo kankan láti Ìdèrè. Kò já a láyà. Oòrùn kò tíì wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ó jókòó ní pálọ̀ rẹ̀, ó ń retí ìròyìn ikú bí ẹni ń retí oúnjẹ, nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó gbé báàgì ọ̀rá kan dání. Ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kó tó jókòó, Búrẹ́mọ̀ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

"Táyé, má bínú sí mi. Má sì bínú sí Kẹ́hìndé."

"Kí ló ṣe, Ìyá?"

"Oṣù mẹ́rin rèé tó ti ń lọ sí Ìdèrè."

Búrẹ́mọ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò tètè yé e. Ó ń wo báàgì ọ̀rá náà.

"Ìwọ lo fà á," ìyá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Obìnrin ń wá ọmọ, o ní kó má lọ síbi tó ti máa rí i. Èmi ni mo ní kó lọ. Ìwọ náà ti ń mu nínú ẹ̀, tí o kò bá mọ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ tí mò ń gbé wá fún ẹ, tí ò ń sọ pé ẹ̀kọ yìí kan díẹ̀."

"Ìyá!"

"Má pariwo mọ́ mi. Láti ọwọ́ ọmú, kí ni ọ̀kan nínú yín mu tí èkejì ò mu? Nígbà tí èéyi mú Kẹ́hìndé, ẹ̀yin méjèèjì ni mo fún ní àgbo. Nígbà tí o ṣẹ́ lápá, ṣé wọn ò di igi mọ́ òun náà lápá? Kí n wá fi ìkan sílẹ̀ nísinsìnyí, kí àgbo má ṣiṣẹ́ lára èkejì?" Ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì, ó yọ ìgò kan tí wọ́n rọ àgbo sí dé ìdajì. "Òwúrọ̀ àná ló mu tiẹ̀. Ìpín tìẹ rèé. Màmá Aliyyah ní èyí ò gbọdọ̀ bá ẹ̀kọ pàdé. Wọ́n ní kó o fọwọ́ ara ẹ gbé e mu, kí n sì máa wò ẹ́ títí o fi máa mu ún tán."

Obìnrin Ìdèrè yẹn mọ̀. Ó mọ̀, ó sì bu àgbo náà fún Kẹ́hìndé, torí ó mọ̀ pé bí Kẹ́hìndé bá ti mu ún, àṣà ilé máa gbé ìyókù wá sí ẹnu Táyé. Búrẹ́mọ̀ kò ṣiyèméjì. Bó bá jẹ́ òun ló wà nípò rẹ̀, ohun tí òun náà máa ṣe nìyẹn, kò sì ní dun òun.

Ó ronú kó jẹ́wọ́. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Kí ló fẹ́ wí? Pé Ìyá, mo da ikú sí ìkòkò àwọn obìnrin mẹ́sàn-án, ọmọ yín ló sì bọ́ sí lọ́wọ́? Àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó rántí ìgò tó wà nínú àjà. Ẹ̀rọ̀ inú rẹ̀ á tó ẹni méjì. Oòrùn ṣì wà lókè.

Ó gba ìgò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún tán. Ó korò, ó sì dùn díẹ̀ níkẹyìn.

"O ṣeun, ọmọ mi," ìyá wí. Ó nu ẹnu fún un bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni.

*

Kò dúró kí ìyá rẹ̀ jìnnà kó tó gun àga, kó sì ki ọwọ́ bọ àjà. Ó pe fóònù Àdúràọlá. Tàófíìk ló gbé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ń sùn, bùrọ́dá. Láti àárọ̀ ló ti ń sùn. Ó ní ara òun wúwo."

Búrẹ́mọ̀ kò rántí bó ṣe gun ọ̀kadà. Ó gba títì Èrúwà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ewúrẹ́ kan já lu ọ̀nà, ó yẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ó fi ọwọ́ kan di àyà mú níbi tí ìgò wà. Ó ń gbàdúrà. Ọkùnrin tó ti fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn kú láti ọjọ́ Jímọ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí oòrùn dúró díẹ̀.

Ọwọ́ ara rẹ̀ náà ti ń tutù. Ó dá a lójú pé ìyẹ̀fun yẹn ni. Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ni o, èmi ń sọ fún yín, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún òun?

*

Tàófíìk ti lọ kírun Alásárì nígbà tó dé. Àdúràọlá wà lórí ẹní ní pálọ̀, kò sí iná, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Èèpo àgbálùmọ̀ kún abọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Búrẹ́mọ̀ rí abọ́ náà, kò rò ó síbì kankan. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù, omi àgbálùmọ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

"Táyé! Kí ló lé ọ wá? Ìyá ti sọ fún ẹ, àbí? O ti wá bá mi jà."

"N ò bá ẹ jà. Báwo ni ara?"

"Ó kàn ń rẹ̀ mí ni. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀."

Omi bọ́ lójú Búrẹ́mọ̀. Ó dìde, ó wá ife méjì, ó da ẹ̀rọ̀ náà sí wọn dọ́gbadọ́gba. Ó gbé ife méjèèjì sókè wò ó, ó tún da díẹ̀ láti inú tirẹ̀ sínú ti Kẹ́hìndé.

"Kí ni èyí?"

"Mu ún, má bi mí. Láyé mi, mo bẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ìwọ náà á mu?"

"A jọ máa mu ún ni."

Àdúràọlá rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ife sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wo ara wọn lójú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe ní kékeré kí ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́ èkejì jẹ. Wọ́n sọ ife kalẹ̀ pa pọ̀. Búrẹ́mọ̀ mí kanlẹ̀. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé, ó ti dé lásìkò, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sán.

"Ó yá, wá gbọ́," Àdúràọlá wí, ó fà á mọ́ra. "Mo fẹ́ kí Tàófíìk dé ká jọ sọ fún ẹ, ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi. Àárẹ̀ kọ́ ló ń ṣe mí. Oṣù mẹ́ta ni. Màmá Aliyyah ló yẹ̀ mí wò lánàá, wọ́n fi ọwọ́ mi sí i, wọ́n ní kí n fọwọ́ ara mi mọ̀ ọ́n." Ó gbé ọwọ́ Búrẹ́mọ̀ lé ikùn rẹ̀. "Táyé, kí ló ń mú ẹ làágùn?"

Fóònù Búrẹ́mọ̀ dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni.

"Bàbá Hàkímù, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Màmá Aliyyah ni." Ohùn rẹ̀ balẹ̀, adùn wà nínú rẹ̀, irú adùn tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti borí. "Ìyá yín ti bá Aliyyah sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ mu ún tán. Ó yà mí lẹ́nu o. Mo rò pé ẹ máa kọ̀ ọ́, kí ẹni tó bí yín fojú ara wọn rí irú ẹni tí ẹ jẹ́."

Búrẹ́mọ̀ wo ife méjèèjì tó wà nílẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìkòkò tí ẹ rò ní Jímọ̀, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo dà á sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ti kú. Tuntun ni mo sè fún àwọn obìnrin. Èyí tí Àdúràọlá mu, èmi ni mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú ẹ̀. Àbí ẹ rò pé mo lè gbé irú nǹkan yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Ó ti rò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tó rò gan-an nìyẹn.

"Màmá Aliyyah," Búrẹ́mọ̀ wí. Ahọ́n rẹ̀ kò yá mọ́. "Kí ni wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ̀?"

"Ẹ̀rọ̀ kí ni?"

"Ti Òkè. Egbò igi yẹn."

Búrẹ́mọ̀ ń gbọ́ bí àwọn adìyẹ ṣe ń ké ní ẹ̀yìnkùlé Ìdèrè. Nígbà tí obìnrin náà tún sọ̀rọ̀, adùn ti kúrò lóhùn rẹ̀.

"Ta ló mu ún?"

"Àwa méjèèjì."

"Yéè! Bàbá Hàkímù, ẹ gbé e dìde! Ẹ gbé ọmọ yẹn lọ sí ọsibítù! Ẹ má dúró, ẹ pe ọkọ ẹ̀, ẹ pe ará àdúgbò!"

Búrẹ́mọ̀ fi ọwọ́ ti ilẹ̀ kó dìde. Ẹsẹ̀ kò gbé e. Ó tún gbìyànjú, ó wó padà sórí ẹní. Ó la ẹnu kó pariwo, èémí lásán ló jáde. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, igbe obìnrin náà sì ń ti inú rẹ̀ jáde nílẹ̀.

Àdúràọlá kò fetí sí igbe inú fóònù náà. Ó ti gbé orí lé èjìká Búrẹ́mọ̀, ó ń fi ìka tẹ ètè ara rẹ̀.

"Táyé, ẹnu mi ń kú. Tìẹ náà ńkọ́?"

"Tèmi náà," Búrẹ́mọ̀ fi èémí wí.